Bí mo ṣe wá Terijoki tì lórí máàpù ₦8,500

₦8,500 ni mo kó fún ẹni tó bá mi tẹ máàpù Rọ́ṣíà. Ó ní kò sí ìlú tí kò sí níbẹ̀. Irọ́ ni.

Iṣẹ́ ọ̀hún ò tiẹ̀ le: kí n fi òwú pupa tọ ọ̀nà tí Paul Dukes, amí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbà yọ́ wọ Petrograd lóṣù kọkànlá ọdún 1918, àti ọ̀nà tí àwọn ońṣẹ́ rẹ̀ ń gbà. Mo lẹ máàpù mọ́ ògiri, mo kan ìṣó. Petrograd ò ṣòro. Ta ni ò mọ̀ pé St. Petersburg ni?

Terijoki ló dá mi dúró. Èbúté tó wà nílẹ̀ Finland nígbà náà ni. Ibẹ̀ ni Augustus Agar, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, so ọkọ̀ ojú omi asáré kékeré méjì mọ́ ní 1919, tó ń fi òru sá gba àárín àwọn odi ológun Rọ́ṣíà ní Kronstadt kọjá lọ já ońṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ońṣẹ́ náà ni Pyotr Sokolov, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Rọ́ṣíà ní Òlíńpíìkì 1912. Ìwé gbogbo dárúkọ Terijoki, máàpù mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fìka tọ etí omi yẹn, títí ìyàwó mi fi bi mí bóyá owó ló bọ́ lọ́wọ́ mi sọnù síbẹ̀. Mo pe ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n lọ bi àwọn ará Rọ́ṣíà.

Odò ló yọ mí. Rajajoki làwọn ará Finland ń pe odò tó pààlà láàárín ilẹ̀ wọn àti Rọ́ṣíà nígbà náà: raja ni ààlà, joki ni odò. Àṣé èdè Finland ni Terijoki náà! Ìjọba Soviet gba ilẹ̀ ọ̀hún, wọ́n sì yí orúkọ ìlú náà padà sí Zelenogorsk ní 1948. Zelenogorsk kẹ̀! Ó ti ń wò mí láti ọjọ́ kìíní; ìṣó mi ti lu lẹ́tà Z rẹ̀ ya. Odò ààlà fúnra rẹ̀, Sestra ni wọ́n kọ síbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo jí ìyàwó mi láago méjì òru. Kò bá mi yọ̀.

Ká ní mo mọ̀ ni, orúkọ àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí ni ǹ bá kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kí n tó náwó. Ẹ tún rí i dájú pé ẹ mọ ibi tí amí yín gbà jáde. Ọkọ̀ kékeré tí Dukes fẹ́ fi lọ bá Agar rì lóṣù kẹjọ 1919, ló bá gba Latvia sá lọ. Bébà mi sì tán kó tó dé Latvia. Àpò sìmẹ́ǹtì ni mo gé lẹ̀ mọ́ ọn.