Bí Ẹ Ṣe Lè Nu Ọrùn Gìtá Oníná Nílé Kó sì Dán

Kí ẹ tó mú òróró tàbí pọ́líìṣì kankan sún mọ́ ọrùn gìtá yín, ẹ kọ́kọ́ mọ irú igi tí wọ́n fi ṣe é, kí ẹ sì mọ̀ bóyá wọ́n fi fáníṣì bò ó tàbí igi lásán ló wà níbẹ̀. Ìdọ̀tí kì í sábà ba ọrùn gìtá jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni kí ènìyàn fi ohun tó wà fún igi lásán nu ibi tó ní fáníṣì, tàbí kó da òróró bo igi tí ẹ̀kán mẹ́rin ì bá tó.

Ẹ wo ojú iwájú, ìyẹn pátákó tí àwọn fírẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) dúró lé. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ búráùn tó ṣú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rosewood tàbí pau ferro. Bí ó bá dúdú kirikiri, ebony ló sábà máa ń jẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn igi wọ̀nyí kì í ní fáníṣì lórí. Bí igi bá funfun tó tún ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, maple ni, maple sì sábà máa ń ní fáníṣì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú nìkan dá a mọ̀, torí maple tí kò ní fáníṣì náà wà. Ẹ kán omi ẹyọ kan sí ìdí pátákó, lẹ́yìn fírẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn. Bí omi bá kó ara rẹ̀ jọ tí igi kò sì yí àwọ̀ padà, fáníṣì wà níbẹ̀. Bí igi bá ṣú lójú ẹsẹ̀, igi lásán ni. Ẹ tètè nù ún kúrò. Pátákó tí wọ́n ti fi òróró pa tẹ́lẹ̀ lè ti omi náà sẹ́yìn, nítorí náà ẹ tún fi orí èékánná wọ́ ọ wò: lára igi lásán, èékánná yóò máa kọ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ inú igi, ṣùgbọ́n lórí fáníṣì ṣe ni yóò máa yọ̀ lọ geere.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: aṣọ microfiber mẹ́ta, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí irun rẹ̀ rọ̀, káàdì oníke kan tí ẹ kò lò mọ́, téèpù oníbébà irú èyí tí àwọn tó ń kun ilé ń lò, naphtha (irú epo tí wọ́n ń rọ sínú láítà), òróró mineral tàbí lemon oil tí wọ́n ṣe fún gìtá, àti Micro-Mesh (aṣọ ìdánrin tó jọ sáńpépà, tó kúnná gan-an) láti 3200 dé 12000. Ẹ tún wá tówẹ́lì kan tí ẹ óò ká sábẹ́ ọrùn kí ó má baà mì.

Títú okùn

Ẹ yí èèkàn orí gìtá títí okùn yóò fi dẹ̀ wọ̀ọ̀ kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ má gé okùn tó ṣì le, torí ó lè ta báni lójú. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé bí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ọrùn yóò wọ́. Wákàtí kan tàbí méjì kò lè ṣe é ní nǹkan kan, kò sì sí ìdí láti fọwọ́ kan ọ̀pá irin inú ọrùn tí àwọn onígìtá ń pè ní truss rod.

Bíríìjì, ìyẹn irin ara gìtá tí okùn gbà kọjá, ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bíríìjì tó jẹ́ pé okùn nìkan ló dì í mú, irú Tune-o-matic, lè já bọ́ bí okùn bá ti tú, kó sì họ ara gìtá. Ẹ fi téèpù dì í, kí ẹ sì sàmì sí apá tó kọjú sí ọrùn kí ẹ má baà dá a padà sódì. Ti bíríìjì tó léfòó bíi Floyd Rose, sípíríìngì tó wà lẹ́yìn gìtá àti okùn ló jọ ń fa á. Bí okùn bá kúrò, sípíríìngì yóò fà á wọlé pátápátá. Ẹ ki igi pẹlẹbẹ tàbí aṣọ tí ẹ ká sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ téèpù bo gbogbo píkọ́ọ̀pù, ìyẹn àwọn ohun tó ń gbé ìró okùn. Mágnẹ́ẹ̀tì wà nínú wọn, yóò sì fa eruku irin mọ́ra. Eruku irin tó bá wọ inú píkọ́ọ̀pù ṣòro láti yọ. Ìdí nìyí tí a kò fi dábàá steel wool (irun irin) fún fírẹ́ẹ̀tì nígbà tí Micro-Mesh bá wà: iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n Micro-Mesh kì í tú irin sílẹ̀.

Ẹ̀gbin tó dì sí ẹsẹ̀ fírẹ́ẹ̀tì

Ẹ tẹjú mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kìíní sí ìkarùn-ún. Ẹ óò rí ìlà dúdú tàbí aláwọ̀ eérú tó fara ti ẹsẹ̀ fírẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Òógùn, ọ̀rá ara, awọ tó ti kú àti eruku tó ń yọ lára okùn ló pò pọ̀ mọ́ra níbẹ̀. Kì í dì sí àárín pátákó nítorí ìka ń gbá a lọ, ẹsẹ̀ fírẹ́ẹ̀tì ni ìka sì ń gbá a jọ sí. Òógùn ní iyọ̀, iyọ̀ sì ń fa ọ̀rinrin. Bí èyí bá pẹ́ lára fírẹ́ẹ̀tì, bàbà inú irin náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọ̀ ewé.

Gbígbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá a, kí ẹ tẹ̀ lé gígùn fírẹ́ẹ̀tì, láti apá okùn tó nípọn lọ sí apá okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ fi etí káàdì oníke ha èyí tó ti le. Ẹ má mú ọ̀bẹ tàbí abẹ. Bí ó bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, igi ti gé nìyẹn.

Lórí igi lásán, ẹ rin aṣọ díẹ̀ pẹ̀lú naphtha, kí ẹ sì máa nu àlàfo fírẹ́ẹ̀tì méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó rí i tí aṣọ yóò dúdú. Ẹ yí i sí ibi tó mọ́ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbin kan náà ni ẹ óò máa tún fi pa igi. Naphtha máa ń gbẹ kíákíá, igi yóò sì dà bíi pé ó ti ṣá. Kò bàjẹ́, òróró yóò dá àwọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí iná tàbí sìgá má sì sí nítòsí rárá. Aṣọ tó rin, ìta gbangba ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí títí yóò fi gbẹ.

Lórí maple tó ní fáníṣì, aṣọ tí ẹ fi omi rin tí ẹ sì fún dáadáa ti tó, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Omi kò gbọdọ̀ dúró sí etí fírẹ́ẹ̀tì, torí ibẹ̀ ni ó ti lè gba abẹ́ fáníṣì wọlé kó sì sọ igi di dúdú. Ọtí spirit àti acetone kò yẹ gìtá tó ní fáníṣì nitrocellulose. Wọ́n á mú fáníṣì náà rọ̀ títí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Dídán fírẹ́ẹ̀tì

Nickel silver ni wọ́n fi ṣe fírẹ́ẹ̀tì púpọ̀. Fàdákà kò sí nínú rẹ̀: bàbà, nickel àti zinc ni. Èyí tí wọ́n fi irin alágbára, stainless steel, ṣe kì í sábà ṣá. Aṣọ gbígbẹ ti tó fún un.

Ẹ lẹ téèpù sí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì fírẹ́ẹ̀tì, kí irin nìkan yọ síta. Bí gìtá bá ti pẹ́, ẹ kọ́kọ́ lẹ téèpù mọ́ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kí agbára rẹ̀ dín kù, kí ó má baà fa fáníṣì yọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 3200, kí ẹ lọ sí 4000, 6000, 8000, kí ẹ sì parí pẹ̀lú 12000. Nọ́ńbà Micro-Mesh yàtọ̀ sí ti sáńpépà, ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bíi ìgbà ogún ní lílọ àti bíbọ̀ tó fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa nù ún bí fírẹ́ẹ̀tì ṣe gùn, torí ọ̀nà yẹn gan-an ni okùn ń gbà nígbà tí ẹ bá ń fà á sókè láti yí ohùn. Ìlà tó bá gba ọ̀nà kejì kọjá, okùn yóò máa ha lórí rẹ̀.

Pọ́líìṣì irin olómi náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá kán sí rosewood, ó máa ń gbẹ sínú ihò igi, yóò sì fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀. Ti pé okùn ti gbẹ́ kòtò sórí fírẹ́ẹ̀tì, dídán kò lè tún un ṣe. Oníṣẹ́ gìtá ni yóò mú un tẹ́jú.

Òróró, fún igi lásán nìkan

Ẹ̀kán mẹ́ta sí mẹ́rin lórí aṣọ ti tó pátákó láti orí dé ìdí. Ẹ kán an sí aṣọ, ẹ má dà á sórí igi. Ẹ fi pa á tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí aṣọ kò fi ní gbé òróró kankan mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló yẹ, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ okùn. Àpọ̀jù òróró ń wọ ihò tí wọ́n kan fírẹ́ẹ̀tì mọ́, ó sì ń tú ohun tí wọ́n fi lẹ àmì ojú pátákó.

Lemon oil tí wọ́n ń tà fún gìtá, òróró mineral tó ní òórùn lemon ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Omi ọsàn kọ́. Ásíìdì ni ìyẹn. Òróró oúnjẹ yóò kan, yóò sì máa lẹ̀. Pọ́líìṣì àga tó ní silicone náà kò dára, torí bí ẹ bá fẹ́ tún fáníṣì fọ́n lọ́jọ́ iwájú, kò ní lẹ̀ mọ́ igi.

Ẹ̀yìn ọrùn

Bí ó bá ń dán gbinrin, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ sì fi pọ́líìṣì gìtá díẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí kò bá dán láti ilé iṣẹ́, aṣọ tútù nìkan. Pọ́líìṣì yóò mú ibì kan dán ju ibì kan lọ. Èyí tó ń dán tó sì ń lẹ̀ mọ́ àtàńpàkò, ẹ lè fi Scotch-Brite aláwọ̀ eérú (kànìnkànìn oníke) ha á díẹ̀díẹ̀ láti orí lọ sí ìdí, bíi ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ máa fọwọ́ tọ́ ọ wò. Dídán náà yóò lọ, ọwọ́ yóò sì máa yọ̀. Ẹ ro èyí dáadáa kí ẹ tó ṣe é, pàápàá lórí gìtá àtijọ́, nítorí mímú dídán náà padà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ẹ tú téèpù ní jẹ́jẹ́, ẹ fi okùn tuntun sí i, kí ẹ sì tún ohùn rẹ̀ tò. Bí okùn tuntun bá nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọrùn yóò tẹ̀ síwájú díẹ̀, truss rod yóò sì nílò àtúnṣe. Lẹ́yìn náà ẹ di okùn kẹta mú ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, kí ẹ fà á sókè. Bí ẹ bá gbọ́ ìró híha, ẹ dẹ okùn sílẹ̀, ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ tún lẹ téèpù sí ẹ̀gbẹ́ fírẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan, kí ẹ sì tún fi 8000 àti 12000 nù ún.