Ohun Aláwọ̀ Eérú Lára Igi Kajú: Ìbéèrè Àgbẹ̀ Kan ní Ṣábẹ̀ àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Nínú oko kajú mi lẹ́bàá Ṣábẹ̀ ní ilẹ̀ Benin, ohun pẹlẹbẹ kan tó ní àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ewé ti bo ẹ̀ka àwọn igi, ewé wọn sì ń dín kù. Ṣé òun ni ó ń pa wọ́n?

Ìdáhùn: Rárá o. Líkẹ́ẹ̀nì ni ẹ ń rí. Olú kan àti ewéko tíntìntín, irú èyí tí ó máa ń mú kí etí kànga yọ̀, ni wọ́n jọ ń gbé pọ̀ bí ara kan ṣoṣo: ewéko náà ń fi ìtànṣán oòrùn se oúnjẹ, olú náà sì ń pa ọ̀rinrin mọ́ fún un. Kò ní gbòǹgbò, kì í sì í fa oje igi mu; ó kàn fi èèpo igi ṣe ibùjókòó ni. Bí ewé bá dín kù nítorí àìsàn mìíràn, ìmọ́lẹ̀ á ráyè dé ara ẹ̀ka, líkẹ́ẹ̀nì á sì gbilẹ̀, ìyẹn ni àwọn ènìyàn fi máa ń rò pé òun ló fa àìsàn náà. Ẹ wo ara igi yín dáadáa: bí ẹ bá rí ihò róbótó tí lẹ́búlẹ́bú igi ń dà jáde nínú rẹ̀, tàbí oje tí ń sun, kòkòrò tí ń gbẹ́ inú igi ni kí ẹ dojú ìjà kọ.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fá a kúrò, tàbí kí n fín oògùn sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń fá a, ẹ lè bó èèpo igi, ojú ọgbẹ́ sì ni àrùn ń gbà wọlé. Oògùn tí bàbà wà nínú rẹ̀ lè pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní dá ewé igi padà.

Ìbéèrè: Ní ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), létí títì, oríṣi kan ṣoṣo ni mo rí lára igi máńgòrò. Kí ló dé tí tèmi fi jẹ́ oríṣiríṣi?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Líkẹ́ẹ̀nì kò ní awọ tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ohunkóhun tí òjò àti afẹ́fẹ́ bá gbé wá ni ó ń fà mu, ìbáà ṣe èéfín alùpùpù tàbí eruku. Ní ọdún 1866, William Nylander, onímọ̀ nípa ewéko ará Finland, kọ ọ́ pé oríṣi líkẹ́ẹ̀nì tí ó wà nínú ọgbà Luxembourg ní Párìs pọ̀ ju ti ibòmíràn nínú ìlú náà lọ, ó sì kà á sí àmì pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Síbẹ̀, ẹ má tètè dá èéfín nìkan lẹ́bi, nítorí èèpo kajú yàtọ̀ sí ti máńgòrò, igi àgbà yàtọ̀ sí igi kékeré, ibòji sì yàtọ̀ sí gbangba. Máńgòrò ni kí ẹ fi wé máńgòrò, kí ìdí wọn jọ tóbi, kí ẹ wo ibi tí ó bá àyà yín dọ́gba, kí ẹ wá ka oríṣi tí ìrísí wọn yàtọ̀: èyí tí ó lẹ̀ mọ́ èèpo tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná kò lè ṣí i, àti èyí tí etí rẹ̀ ká sókè.

Ìbéèrè: Mo ti dáná sun igbó orí ilẹ̀ mi tuntun. Ìgbà wo ni àwọn líkẹ́ẹ̀nì yóò padà síbẹ̀?

Ìdáhùn: Yóò pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ̀ ju mìlímítà díẹ̀ lọ lọ́dún. Àwọn tí ó fẹ́ràn ibòji kì í sì í padà sórí ilẹ̀ tí oòrùn ń pa gbalasa, àfi bí igi bá tún dàgbà níbẹ̀. Ìwọ̀nba oríṣi tí ó lè fara da ooru ni yóò ṣẹ́ kù. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá àwọn igi emi àti igi igbá tí ó ti dàgbà sí nígbà tí ẹ bá tún ń ṣánlẹ̀, kí ẹ sì ro etí oko mọ́ kí ọyẹ́ tó dé, kí iná má baà wọlé, nítorí láti ara àwọn igi àgbà wọ̀nyẹn ni afẹ́fẹ́ yóò ti gbé ẹ̀rún líkẹ́ẹ̀nì lọ sára àwọn kajú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn.