Yàrá ìpẹ̀kun kò tutù: ibi ìsopọ̀ páìpù roboto ló ń jò

Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń dé yàrá tó jìnnà jù kò tó nǹkan. Ibi tí páìpù ínṣì 6 ti yọ lára duct ńlá (ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí a fi páànù ṣe) ni ó ti ń jò. Teepu aláṣọ nìkan ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ṣí. Ihò náà tún sún mọ́ ìdérí ìpẹ̀kun duct jù, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń dàrú.

A fi páànù dí ihò àtijọ́, a sì gé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ duct, ínṣì 18 sí ìdérí. Fi kọ́là gangan (òrùka páànù eléyín tó ń so páìpù mọ́ duct) fa ìlà, kí o gé e sínú ìlà díẹ̀, kó lè fún. Bí àlàfo etí kọ́là bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì lọ, mastic (ọ̀dà kíki tó ń dí ojú ìsopọ̀) nìkan kò ní dí i. Ó di dandan kí àwọ̀n wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ ìbọ̀wọ́ o, ẹnu páànù mú bí abẹ. Ti eyín kọ́là wọlé, kí o tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹlẹbẹ sínú.

Ẹnu kọ́là tó ní ìṣẹ́po ló ń wọ inú páìpù, kí afẹ́fẹ́ má baà kọlu etí páànù. Síkúrù 3 yípo tó, kó jẹ́ ti ìdajì ínṣì. Èyí tó bá gùn yóò há abẹ damper (ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ tó ń dín afẹ́fẹ́ kù). Kun mastic yípo, kó nípọn tó mìlímítà 2, jẹ́ kó gbẹ dọ́jọ́ kejì kí o tó fi ohun ìdènà ooru wé e. Má fi wíwé sílẹ̀: nínú ọ̀rinrin Èkó, páànù tútù á làágùn, omi á sì kán ba sílìn jẹ́.