Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ara bearded dragon yín ò yá

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé wa ní Ìgbógbo, ohun tó máa ń sọ ni pé "Háà, ọ̀gà lẹ gbé sínú ilé?" màá ní rárá o, bearded dragon ni, alángbá onírùngbọ̀n, aṣálẹ̀ Australia ni ìran ẹ̀ ti wá, mi ò fi ṣoògùn. Wọ́n á wá bi mí pé báwo lẹ ṣe ń rí iná fún un. Ìbéèrè yẹn gan-an ni kókó, torí láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń sìn ín, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àìsàn tó ṣe é tí ọ̀rọ̀ iná ò sí nídìí ẹ̀. Egbin tí wọ́n ti ń ṣe iná, 1,320 megawatt, Ìkòròdú níbí náà ló wà o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ara ẹ̀ kìí dá gbóná bíi tiwa, àfi kó yáná. Abẹ́ gílóòbù tó ti ń yáná gbọ́dọ̀ tó 38 sí 42°C, kí ọwọ́ kejì àpótí tó ń gbé wà ní bíi 25, kó lè máa rìn láàárín méjèèjì. Tí ooru ò bá tó, oúnjẹ ò ní dà nínú ẹ̀. Torí náà tó bá ti ń ṣe wọ́kúwọ̀ku, tí kò jẹun, tó kàn ń sùn ṣáá, tẹmómítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó la ẹnu ẹ̀ wò.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń ṣe nígbà tára ẹ̀ yá. Tiwa, Àgbà là ń pè é. Tó bá juwọ́, ó ń sọ pé òun ò bá ẹnikẹ́ni jà ni. Tí awọ ẹ̀ ṣú tí kò sì jẹun tó bó ṣe máa ń jẹ, ó lè jẹ́ pé awọ ló fẹ́ bọ́. Tí irùngbọ̀n ẹ̀ bá dúdú fúngbà díẹ̀, inú ló ń bí i, àmọ́ tó bá dúdú látàárọ̀ dalẹ́, tó sì ká ara ẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀, nǹkan ń dùn ún. Ojú nìkan ò tó, torí ó máa ń wú bíi pé ó sanra. Mo gba ìwọ̀n kékeré tíyàwó mi fi ń wọn fúláwà (ó ti ra òmíràn, ó lóun ò lè fi èyí tí alángbá ti gùn ṣe kéèkì mọ́), gbogbo Sunday ni mo máa ń gbé Àgbà lé e. 410 gírámù ló máa ń jẹ́, lọ́jọ́ tó bọ́ sí 365 mi ò tún bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ wo òkè ojú ẹ̀ àti ìdí ìrù ẹ̀ náà, tó bá ti jìn wọnú, ó ti ń rù tàbí omi ara ẹ̀ ti gbẹ.

July ọdún tó kọjá, tiránsífọ́mà àdúgbò wa bú, ọjọ́ mẹ́fà gbáko la ò rí iná, òjò náà ò sì dá, jẹnẹrétọ̀ sì rèé, aago mẹ́wàá alẹ́ la máa ń pa á. Mo rí Àgbà tó lanu sílẹ̀, mo ní ó ń yáná ni, mi ò tiẹ̀ bi ara mi pé iná wo. Ìyá ìyàwó mi ló wò ó tí wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, alángbá yín yìí ń mí bí ẹni tó ru sìmẹ́ńtì o." Òótọ́ ni, imú ẹ̀ ń yọ fóòmù, ó ń dún fín-ín fín-ín, ó sì gbórí sókè kó lè rí èémí fà. Ohun tí mo wá mọ̀ nìyí: tó bá lanu lábẹ́ gílóòbù tó ń gbóná, tí imú ẹ̀ gbẹ, ẹ fi í sílẹ̀, ooru ló ń tú dànù. Àmọ́ tó bá lanu níbi tó tutù, tí itọ́ ẹ̀ ń yọ̀, tí ọ̀fun ẹ̀ wú, ẹ̀dọ̀fóró ni, ẹ má dúró dọ̀la. Ọ̀rinrin bíi 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló fẹ́, tiwa létí ọ̀sà níbí máa ń kọjá 80 nígbà òjò, ẹ má gbé abọ́ omi ńlá sínú àpótí, ẹ má sì dé e pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra amoxicillin ní kẹ́míìsì fún un. Ní báyìí tí wọ́n bá mú iná lọ, omi gbígbóná ni mo máa ń rọ sínú ike, màá fi táwẹ́lì wé e, màá gbé e tì í, mi ò sì ní fún un lóúnjẹ títí ooru á fi padà.

Egungun ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ wọlé. Ìka ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ á rọ̀ bíi rọ́bà, á máa wọ́ ikùn nílẹ̀, ẹsẹ̀ á wọ́ tàbí kó wú. UVB, ìtànṣán kan tó wà nínú oòrùn, ni ara ẹ̀ fi ń lo kálísíọ̀mù, gílóòbù ilé ò ní i, oòrùn tó sì gba gíláàsì wíńdò wọlé, UVB inú ẹ̀ ti kù síta. Ọ̀pá UVB náà lè máa tàn kí agbára ẹ̀ ti tán, lọ́dọọdún ni mo máa ń pààrọ̀ tèmi. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni oòrùn Ìkòròdú! Láago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo máa ń gbé e síta nínú àgò onírin, kí ìdajì ẹ̀ wà lábẹ́ ìbòji, fún ogún ìṣẹ́jú, mo sì máa ń jókòó tì í torí àṣá, torí ológbò, àti torí ọmọ àdúgbò tó lè sọ ọ́ lókò. Ẹ má fi àpótí gíláàsì gbé e sóòrùn, á sè. Tẹ̀tẹ̀ kìí ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ fún un, ó máa ń di kálísíọ̀mù mú, ilá àti ẹlégédé dáa jù ú lọ, ìrẹ̀ tẹ́ ẹ bá sì fún un, ẹ wọ́n páúdà kálísíọ̀mù sí i.

Ẹ máa wo ìgbẹ́ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó rí yín lára. Apá kan máa ń jẹ́ búráùn, ìkejì funfun bí ẹfun, tí funfun yẹn bá di yẹ́lò tó sì le, omi ò tó o. Tó bá ṣomi tó ń rùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, aràn lè wà níbẹ̀. Tí kò bá yàgbẹ́ rárá, tí ikùn le, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nǹkan ti dí i. Àbúrò mi tẹ́ yanrìn fún tiẹ̀ kó lè dà bí aṣálẹ̀, àṣé ó ń gbé e mì pẹ̀lú ìrẹ̀, ìwé ìròyìn ló ń tẹ́ báyìí. Oúnjẹ ò gbọ́dọ̀ tóbi ju àlàfo ojú ẹ̀ méjèèjì lọ. Èsúnsún ò burú tẹ́ ò bá tíì fín oògùn, àmọ́ tanátaná, ẹyọ kan ṣoṣo lè pa á, píà náà ò dáa fún un.

Tí awọ bá há mọ́ ìka tàbí ṣóńṣó ìrù, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́, torí á fún un bí okùn títí ibẹ̀ á fi dúdú. Ìpẹ́ tó bá di yẹ́lò tó sì le, tí bíbọ́ awọ ò mú un lọ, ó ń ràn, ẹ yà á sọ́tọ̀. Abo tó ń gbẹ́lẹ̀ kiri ń wá ibi tó máa yé sí, kò dìgbà tákọ bá gùn ún; tó bá wá dákẹ́ rọ̀ láìyé ẹyin kankan, ẹyin ti há sí i nínú. Ẹ fọwọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbé e o, kòkòrò àrùn salmonella wà lára ẹ̀ kódà tára ẹ̀ bá yá.

Gbogbo dókítà ajá kọ́ ló mọ alángbá, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Ẹ mú fọ́tò àpótí ẹ̀ àti ìgbẹ́ tuntun nínú nylon dání, ẹ gbé e sínú báàgì, ẹ gbé ike omi gbígbóná tì í, kẹ́ ẹ sì fa síìpù báàgì náà, kó ku ibi tí atẹ́gùn á gbà. Lọ́jọ́ tèmi, a ò tíì kọjá Odógunyàn tí Àgbà fi yọrí síta, obìnrin tó jókòó tì mí fò sókè, kọ̀ńdọ́ ní kí n bọ́ọ́lẹ̀, kò sì dá owó mi padà.