Bí mo ṣe rí àdírẹ́sì MAC àwọn kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wa

Ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀ níbí, dátà tí ọ̀gá wa ń rà fún oṣù kan kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Password Wi-Fi wa ti di ti gbogbo àdúgbò. Bọ̀dá tó ń bá wa tọ́jú router, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, wá ní àwọn máa pààlà sí i: kọ̀ǹpútà tí àdírẹ́sì MAC rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì tí ẹ̀rọ fi ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) bá wà lọ́wọ́ àwọn nìkan ni yóò máa wọlé. Èmi ni wọ́n ní kí n gbà á jọ lára láptọ́ọ̀pù mẹ́ta.

Ti ọ̀gá ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì Windows, mo kọ cmd, mo tẹ Enter. Nínú ojú ìwé dúdú tó yọ, mo kọ ipconfig /all. Ọ̀rọ̀ tú jáde lọ bẹẹrẹbẹ. Ibi tí wọ́n kọ "Physical Address" sí ni mo ń wá, nítorí orúkọ tí Windows ń pè é nìyẹn. Ó máa ń rí báyìí: 00-00-5E-00-53-1F. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí ni mo fi ránṣẹ́.

Nígbà tí Bọ̀dá pààlà tán, láptọ́ọ̀pù ọ̀gá gan-an ló wà níta. Oníbàárà méjì dúró, fọ́ọ̀mù wọn wà nínú email, a ò lè ṣí i. Ọ̀gá kàn wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Ó dùn mí wọra.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé láptọ́ọ̀pù kan lè ní ju àdírẹ́sì kan lọ. Ojú ihò tí à ń ki wáyà bọ̀ ní tiẹ̀, Wi-Fi ní tiẹ̀, Bluetooth náà ní tiẹ̀. Abẹ́ "Ethernet adapter" ni mo ti mú èyí tí mo fi ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ a ò ki wáyà bọ ẹ̀rọ yẹn rí. Abẹ́ "Wireless LAN adapter Wi-Fi" ni tòótọ́ wà, nísàlẹ̀. Látìgbà náà, getmac /v ni mò ń kọ: ó ń to orúkọ káàdì àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Orí fóònù ni mo ti kà á fún Bọ̀dá lẹ́ẹ̀kejì. B, D àti E jọra létí, wọ́n bá ní kí n máa fi orúkọ ibi pè é: A ti Àkúrẹ́, B ti Bàdágìrì, D ti Dùgbẹ̀, E ti Èkó, F ti Fìdítì. Lẹ́tà ò kọjá F níbẹ̀, nítorí náà ohun tó bá rí roboto, òdo ni, kì í ṣe O.

Láptọ́ọ̀pù kejì tún ṣe ohun mìíràn. Bí mo ṣe ka "A, 6" báyìí ni Bọ̀dá dá mi dúró. "Èyí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì yẹn o. Bí àmì kejì bá jẹ́ 2, 6, A tàbí E, kọ̀ǹpútà ló fúnra rẹ̀ dá a." Lóòótọ́, nínú Settings, lábẹ́ Wi-Fi, "Random hardware addresses" wà ní On. Mo pa á, mo tún so ó pọ̀ mọ́ Wi-Fi, nọ́ńbà mìíràn sì jáde. Fóònù Android láti ìgbà Android 10 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà máa tọpa ẹni kiri. Ó dára níta gbangba. Níbi tí wọ́n ti ń fi àdírẹ́sì mọ ẹni ló ti ń fa wàhálà.

Ẹ̀kẹta, Ubuntu ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe Windows. Mo kọ ip link, mo wo ẹ̀gbẹ́ link/ether lábẹ́ káàdì tí orúkọ rẹ̀ fi wl bẹ̀rẹ̀. Ó parí.

Mo bi Bọ̀dá bóyá olè ò lè ṣe ayédèrú àdírẹ́sì wa. Wọ́n ní ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lè ṣe é, ìdí nìyẹn tí àwọn fi yí password padà pẹ̀lú. Mo kọ àdírẹ́sì méjèèjì sí pépà, "wáyà" lọ́tọ̀, "Wi-Fi" lọ́tọ̀, mo sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ láptọ́ọ̀pù ọ̀gá.