Orúkọ Jámánì tí kò jáde nínú ìwé owó ìfẹ̀yìntì Ogun Òmìnira Amẹ́ríkà

Bí o bá ń wá baba ńlá rẹ tó jagun yẹn, bí àpẹẹrẹ Johann Peter Schneider, tí orúkọ rẹ̀ kò sì jáde, yọ Johann kúrò. Àìmọye ọmọkùnrin Jámánì ní Pennsylvania ló ń jẹ́ ẹ. Orúkọ kejì ni wọ́n ń pè wọ́n. Akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì á sì kọ Snyder dípò Schneider. Zimmermann tilẹ̀ lè di Carpenter, torí gbẹ́nàgbẹ́nà ni ìtumọ̀ méjèèjì. Peter Snyder ni kó o wá nínú M804, àwọn fíìmù fáìlì owó ìfẹ̀yìntì ogun náà ní National Archives, ilé àkójọ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà.

Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà fáìlì ń sọ irú fáìlì tó jẹ́. Fáìlì W, ti opó, ló dùn jù. S jẹ́ ti ológun fúnra rẹ̀, R ni èyí tí wọ́n kọ̀. Opó ní láti fi ẹ̀rí ìgbéyàwó hàn, làwọn kan bá ya ojú ewé Bíbélì ìdílé ránṣẹ́, tàbí ìwé ìrìbọmi aláràbarà tó ní orúkọ òbí àti ọjọ́ ìbí lédè Jámánì. Má ṣe retí ìwé ìbéèrè tó ṣáájú November 1800: iná ti jó o.