Ìrírí mi: bí a ṣe wá pulsar nínú dátà tó dorí kodò

Owó tí a yà sọ́tọ̀ fún wákàtí kọ̀ǹpútà ti tán pátápátá kí a tó mọ̀ pé dátà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa dorí kodò. Ohun tó mú mi kọ ìrírí yìí nìyẹn, n kò sì ní díbọ́n pé inú mi ti rọ̀. Èmi ni alákòóso iṣẹ́ náà. A ní ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sánmà láti ilẹ̀ mélòó kan, tẹlisíkóòpù rédíò ńlá kan ní ilẹ̀ Yúróòpù tí n kò ní dárúkọ, àwọn kọ̀ǹpútà alágbára tí a háyà, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa yẹ àbájáde wò, tí díẹ̀ nínú wọn wà ní Nàìjíríà. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni láti yẹ apá kan ojú ọ̀run wò fínnífínní, kí a sì wá àwọn pulsar tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí níbẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, pulsar ni ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ìràwọ̀ ńlá bá bú gbàmù. Ó sábà máa ń wúwo ju oòrùn lọ, síbẹ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bí 20 kìlómítà, ó sì ń yí bí òkòtó. Bí ó ṣe ń yí ni ìtànṣán rédíò rẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, tí a fi ń rí i pé ó ń lù déédéé láìyẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní 1967 ń lù lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 1.337, èyí tó wà nínú Crab Nebula, ìkúùkù tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ìràwọ̀ kan bú gbàmù, ń lù ní nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Jocelyn Bell Burnell, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge nígbà náà, ló rí ti àkọ́kọ́ yẹn lórí bébà tí ẹ̀rọ ń tú jáde, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 30 mítà lójúmọ́, ojú ara rẹ̀ ló sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel dé ní 1974, Antony Hewish tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ àti Martin Ryle ni wọ́n gbé e fún. Nítorí ìtàn yẹn ni mo ṣe takú, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, pé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́kọ́ tọ́ka sí pulsar tuntun gbọ́dọ̀ wà lára orúkọ àwọn tó kọ ìwé tí a bá gbé jáde. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Nínú gbogbo ìpàdé tí a ṣe, ìyẹn nìkan ni kò mú ariwo dání.

Bí a ṣe kọ̀wé béèrè àkókò lórí tẹlisíkóòpù, bí a ṣe pín ojú ọ̀run láàárín ara wa, bí a ṣe wá wákàtí ìpàdé tí yóò bá gbogbo ènìyàn lára mu, n kò ní fi wọ́n gba àkókò yín. Ẹni tó bá ti kó ènìyàn jọ ṣiṣẹ́ rí mọ bí ó ṣe ń rí.

Ohun kan wà tó yẹ kí n ṣàlàyé dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni wàhálà ti wá. Àárín àwa àti pulsar kò ṣófo pátápátá. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fọ́n káàkiri ibẹ̀, wọ́n sì máa ń dá ìgbì rédíò dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìgbì orí ìkànnì ìsàlẹ̀, ìyẹn ìkànnì rédíò tí nọ́ńbà MHz rẹ̀ kéré, ni wọ́n ń dá dúró jù. Nítorí náà, lílù kan ṣoṣo yóò kọ́kọ́ dé sórí ìkànnì òkè, lẹ́yìn náà ni yóò máa wọlé sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Kò sí pulsar tí tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ bí ìdádúró náà yóò ṣe pọ̀ tó fún pulsar tí a kò tíì rí, nítorí náà yóò máa gbìyànjú oríṣiríṣi iye, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, lórí gbogbo ibi tí a bá kọjú tẹlisíkóòpù sí. Ibẹ̀ gan-an ni owó ń bá lọ. Ohun tó bá dé sórí gbogbo ìkànnì lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ìdádúró kankan, ilẹ̀ ayé ló ti wá, a ó sì ní kí kọ̀ǹpútà dà á nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í rí gbogbo rẹ̀ dà nù. Nígbà mìíràn, ariwo ilé a tiẹ̀ máa fara wé ti òkè ọ̀run. Ariwo kan da àwọn tó ń lo tẹlisíkóòpù Parkes ní Ọsirélíà láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi ìgbà tó di 2015 tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀rọ máíkíróowéèfù tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná ló ń fà á, nígbà tí ẹnìkan bá kánjú ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ó tó parí iṣẹ́.

Nígbà tí àbájáde wa àkọ́kọ́ jáde, ariwo ilẹ̀ ayé nìkan ló kún inú rẹ̀. Afurasí, ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpútà tọ́ka sí pé ó lè jẹ́ pulsar, tó pọ̀ jù ni èyí tó ń lù ní ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan: iná mànàmáná ni, tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gẹ́gẹ́ bíi tiwa ní Nàìjíríà, àfi pé tiwọn kì í lọ tán. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé a kò rí àwọn pulsar tí gbogbo ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. A ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé, kí iṣẹ́ alẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ dojú tẹlisíkóòpù kọ B0329+54, tó wà lára àwọn pulsar tó lágbára jù lọ ní apá àríwá ojú ọ̀run, tó ń lù lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 0.7145. Ẹni tí kò bá rí B0329+54 kò lè rí ohunkóhun. Àwa kò rí i.

Mo kọ ímeèlì sí àwọn onítẹlisíkóòpù. Èsì wọn kúrú: lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n rí i kedere, àwòrán rẹ̀ nìyí, kí a lọ yẹ ètò kọ̀ǹpútà wa wò. A yẹ̀ ẹ́ wò. PRESTO ni à ń lò, èyí tí àwọn tó ń wá pulsar ti ń lò káàkiri àgbáyé láti ọjọ́ pípẹ́. A sì ṣe é lórí dátà pulsar kan náà láti tẹlisíkóòpù mìíràn, B0329+54 sì jáde gbangba. Mo kọ̀wé padà. Wọ́n ní bóyá dátà bà jẹ́ lójú ọ̀nà. A fi fáìlì ti ọ̀dọ̀ wọn wé èyí tó dé ọwọ́ wa, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Mo tún kọ̀wé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní ẹnjiníà tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti lọ ìsinmi, pé kò sí ohun tí wọ́n yí padà. Gbólóhùn yẹn, pé kò sí ohun tí wọ́n yí padà, mo ti kà á débi pé mo lè kà á láìwo ìwé.

Gbogbo ìgbà yìí, a kò lè dá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dúró. Àdéhùn tí a tọwọ́ bọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ni kọ̀ǹpútà sọ pé wákàtí tí a kò bá lò kí oṣù mẹ́ta tó pé yóò jóná, wọn kò sì gbà láti sún un síwájú. Bí a bá lò ó, a lè rí nǹkan. Bí a kò bá lò ó, ó ti lọ náà nìyẹn. A lò ó, ó sì tán.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Nàìjíríà ló tú àṣírí náà, mo sì ń yangàn nítorí rẹ̀ títí di òní. Ó ti dágunlá sí ìlànà tí mo fún wọn, ó wọ inú àwọn èyí tí kọ̀ǹpútà ti dà nù nítorí pé wọn kò ní ìdádúró, ó sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lóru: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu. Ṣé ìlà yìí kò tẹ̀ síbi tí kò yẹ kó tẹ̀ sí?"

Mo ṣí i. Àkókò wà láti òsì sí ọ̀tún, ìkànnì sì wà láti 400 MHz nísàlẹ̀ dé 500 MHz lókè. Ìlà dúdú kan dábùú àwòrán náà, ó nípọn, ó hàn kedere, ó sì tẹ̀ bí ti pulsar ṣe máa ń tẹ̀ gan-an. Àmọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Òkè rẹ̀ wọlé lẹ́yìn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo ṣírò rẹ̀ lórí bébà: ìdádúró tó yẹ kí B0329+54 ní láàárín ìkànnì méjèèjì gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n òdìkejì ni ó gbà wọlé. Kò sí ohun tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìgbì rédíò. Kọ̀ǹpútà tí a sọ fún pé kó máa wá èyí tí òkè rẹ̀ kọ́kọ́ dé kò lè tún un tò láéláé. Ó ka ọ̀kan nínú àwọn pulsar tó mọ́lẹ̀ jù lọ sí ariwo ilẹ̀ ayé, ó sì jù ú sórí ààtàn. Ariwo iná mànàmáná, tí kò ní òkè tí kò ní ìsàlẹ̀, kò yí padà rárá, òun ló ṣe jẹ́ pé òun nìkan là ń rí.

Nígbà tí mo fi àwòrán yìí ránṣẹ́ sí àwọn onítẹlisíkóòpù, wọn kò rí nǹkan kan sọ mọ́. Ó hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń rẹ ìgbì tó bá wọlé sílẹ̀ sí ìkànnì ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó gbà á sórí díìsìkì. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣe é. Bí ẹ̀rọ náà bá ń lo 300 MHz, tó ń yọ ọ́ kúrò lára ohun tó wọlé, 400 yóò di 100, 500 yóò di 200, òkè sì wà lókè. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 600 ló ń lò, tó wá ń yọ ohun tó wọlé kúrò lára rẹ̀, 500 yóò di 100, 400 yóò sì di 200. Òkè ti di ìsàlẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹnìkan bá rántí láti tún ohun tí a kọ sí orí fáìlì ṣe. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Àwòrán tí wọ́n sì ń fi yangàn fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, ẹ̀rọ mìíràn ló gbà á, tí ìyípadà náà kò kàn rárá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà díẹ̀ nínú ètò kọ̀ǹpútà lọ: ẹ da ìkànnì padà láti òkè sí ìsàlẹ̀, ó parí. Àmọ́ gbogbo ìwádìí tí a ti sanwó rẹ̀ ni a ní láti tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ san án. Àwọn onítẹlisíkóòpù fún wa ní ẹ̀bẹ̀, wọn kò fún wa ní kọ́bọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nínú ẹgbẹ́ wa ló gbà wá, tí wọ́n jẹ́ kí a máa lo kọ̀ǹpútà wọn lóru nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, iṣẹ́ náà sì ń fà bí ìgbín.

B0329+54 ló kọ́kọ́ jáde, níbi tó yẹ kó wà gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tí a ti mọ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pariwo lórí Zoom bí ẹni tí Super Eagles gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún.

Bí mo bá tún máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun mẹ́ta ni n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fà mọ́ mi lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, dátà B0329+54 ni wọn yóò máa fi ránṣẹ́ sí mi, láti inú ẹ̀rọ tó ń gba dátà wa gan-an, kì í ṣe àwòrán rẹ̀. Ìkejì, n kò ní fọwọ́ sí àdéhùn kọ̀ǹpútà tí wákàtí rẹ̀ ń jóná. Ìkẹta ni pé ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ bá mú kí a tún iṣẹ́ ṣe ni yóò san owó rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí gbogbo wa ṣì ń rẹ́rìn-ín sí ara wa. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa tú ààtàn kọ̀ǹpútà wò, ìyẹn ti di ìlànà báyìí.

Afurasí kan wà tí kò sí lára àwọn tí a mọ̀, tí ìlà rẹ̀ tẹ̀ síbi tó yẹ. A kò lè pè é ní pulsar títí a ó fi tún tẹlisíkóòpù kọjú sí i, kí a sì rí i lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti kọ̀wé béèrè wákàtí lọ́dọ̀ tẹlisíkóòpù mìíràn, akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ tọ́ka sí i ló sì kọ ìdá tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà náà.